Omi Gbígbóná Nídìí Síńkì: Ẹ Wo Wáyà Kẹ́ Ẹ Tó Ra Hítà

   

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣeé ṣe láìfọwọ́ kan omi: olóúnjẹ, ẹlẹ́ran, ẹlẹ́ja, onídìrí. Ṣùgbọ́n àwa olóúnjẹ ló kàn jù. Ìdó tá a wà yìí, ìdíkọ̀ ni láti ayé àwọn ìyá wa. Nígbà tí rélùwéè ń gbéra níbí, èrò kì í wọ ọkọ̀ lọ sókè láìkọ́kọ́ wá nǹkan fi sẹ́nu. Láti ọdún 2021, Èbúté Mẹ́ta ni rélùwéè tuntun tó ń lọ Ìbàdàn ti ń gbéra, síbẹ̀ èrò ò tíì tán lọ́dọ̀ wa. Èrò tó bá jẹun á fi abọ́ sílẹ̀, abọ́ náà sì gbọ́dọ̀ mọ́ kí ẹlòmíì tó jẹun nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo pupa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ sí omi tútù lẹ́nu. Ẹ fi ọṣẹ, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn, yóò ṣì máa yọ̀ lọ́wọ́. Omi gbígbóná ló ń bá a wí. Tẹ́lẹ̀, ìkòkò omi la máa ń gbé ka gáàsì tàbí èédú. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra hítà kékeré tí wọ́n ń gbé sábẹ́ síńkì. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rà á tá a sì ń so ó mọ́ iná, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kó má baà dà bí ẹni pé ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Mo ra hítà oní-lítà 10. Mo dúnàá dúrà dáadáa lórí owó rẹ̀, inú mi sì dùn pé mo rí i rà lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá wa tún fáànù ṣe ló bá mi gbé e kọ́. Ó gé e mọ́ púlọ́ọ̀gì, ó sì ki púlọ́ọ̀gì náà bọ ẹsitẹ́ńṣàn tí fíríjì ń lò. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹsitẹ́ńṣàn yìí á lè gbé e?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, á gbé e." Mo fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin tó ń bá mi fọ abọ́ ní, "Màámi, omi yìí ń gbọ̀n mí lọ́wọ́." Mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ó tún sọ ọ́ lálẹ́, mo tún bú u. Lọ́jọ́ kẹta, bí agogo méjì ọ̀sán, a ń gbọ́ òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó. Nígbà tá a máa fi wo ẹ̀yìn fíríjì, púlọ́ọ̀gì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ẹsitẹ́ńṣàn, pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo to ọ̀rá ìdìkó sí.

Ẹ bá mi rò ó wò, ká ní òru ni. Ká ní a ti ti ìlẹ̀kùn, tí iná sì dé lẹ́yìn tá a lọ tán. Àwa ará Mainland ò lè gbàgbé iná tó jó ọjà Tẹ́júoṣó lóṣù Kejìlá ọdún 2007. Ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí ọjà tuntun níbẹ̀. Ọdún méje kọ́ lọjọ́ méje. Ṣọ́ọ̀bù kan kì í dá jó lọ́jà. Tí tèmi bá jó, tìẹ náà wà nínú ewu.

Oníṣẹ́ iná gidi tá a pè lẹ́yìn náà tú gbogbo ẹ̀ wò, ó ní, "Màmá, hítà yìí ò ṣe nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ so ó mọ́ ni ò dáa." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé. Owó tá a bá fẹ́ ná, ká kọ́kọ́ yọ ti wáyà, ti bírékà àti ti áàtì sọ́tọ̀. Èyí tó bá kù la ó fi ra hítà.

IRÚ HÍTÀ WO LÓ YẸ WÁ?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà.

Èkíní ni boiling ring, irin róbótó tá a máa ń sọ sínú báńkẹ́ẹ̀tì. Ó rọrùn lówó, ṣùgbọ́n òun ló léwu jù. Tí ara irin yẹn bá sán, iná á bọ́ sínú omi. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ omi láti wò ó bóyá ó ti gbóná, iná lè gbé e. Ẹni tí kò bá sì rí èyí tó sàn jù rà, kó má fọwọ́ kan omi, kó má fọwọ́ kan báńkẹ́ẹ̀tì, àfìgbà tó bá ti pa iná, tó sì ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó má lò ó nínú báńkẹ́ẹ̀tì onírin láé.

Èkejì ni hítà tó ní táǹkì, lítà 10 tàbí 15, tí agbára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 1,500 sí 2,000. Á kó omi sínú, á gbóná, á sì dá iná dúró fúnra rẹ̀ tó bá ti tó bí a ṣe fẹ́. Èyí ló bá iṣẹ́ wa mu jù. Àmọ́, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí: oríṣi kan wà fún abẹ́ síńkì, ẹnu páìpù rẹ̀ kọjú sókè, òmíì wà fún òkè síńkì, ẹnu páìpù tiẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ má gbé ti òkè sí ìsàlẹ̀, kò ní kún dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni táàpù tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀, tí kò ní táǹkì. Ó rẹwà lójú, àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Kí omi wa tó máa ń wà ní ìwọ̀n 28 tó gbóná dé 58, táàpù oní-wáàtì 3,000 ò lè pọn ju nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó dúró fún bí ìṣẹ́jú méje kí báńkẹ́ẹ̀tì oní-lítà 10 tó kún. Tẹ́ ẹ bá ṣí i kí omi yára, á lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ wáàtì 5,500, ìyẹn tún ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí, púpọ̀ nínú wọn ò ní tan àyàfi tí omi bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Omi tó ń ti inú táǹkì orí pákó wá ní ṣọ́ọ̀bù wa kì í sábà ní agbára bẹ́ẹ̀.

ÌṢIRÒ TÍ KÒ LE

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè ṣírò owó àpò ìrẹsì lórí láìmú bírò, ìṣirò yìí ò lè ṣòro fún yín. Iná tiwa jẹ́ fóòtì 230. Ẹ wo ara hítà, ẹ ó rí iye wáàtì rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ fi 230 pín in. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni áńpù, ìyẹn ẹrù tí wáyà máa gbé.

Wáàtì 1,500: áńpù 6 àbọ̀.
Wáàtì 2,000: áńpù 8 àti díẹ̀, kò pé 9.
Wáàtì 3,000: áńpù 13.
Wáàtì 5,500: bí áńpù 24.

Púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin tá à ń lò, áńpù 13 ni agbára rẹ̀ mọ. Ṣé ẹ rí i pé wáàtì 3,000 ti gbà á tán? Bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì lé ọmọdé lórí, tá a wá ní kó máa rìn láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ẹsitẹ́ńṣàn ni, tí fíríjì tún wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Inú púlọ́ọ̀gì náà ni fíúùsì wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kú kí wáyà má baà jó. Ẹni tó bá fi ìṣó tàbí wáyà tín-ín-rín rọ́pò fíúùsì ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

WÁYÀ

Wáyà iná gílóòbù, èyí tí wọ́n ń pè ní 1.5 mílímítà, kì í ṣe ti hítà. Fún hítà oní-wáàtì 1,500 tàbí 2,000, ẹ ra 2.5. Fún wáàtì 3,000, ẹ ra 4. Fún wáàtì 5,500, ẹ ra 6. Kí wáyà náà dá wà fún hítà nìkan, láti ìdí àpótí bírékà títí dé ìdí síńkì. Kí fíríjì má pín nínú rẹ̀, kí gílóòbù má pín nínú rẹ̀.

Ayédèrú wáyà wà lọ́jà, bí ayédèrú oògùn ṣe wà. Wáyà gidi, bàbà ni inú rẹ̀. Àwọn kan ń ta alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára. Ẹ fi abẹ fá a díẹ̀: tó bá pọ́n dénú, bàbà ni, tó bá funfun lábẹ́, ẹ dá a padà. Wáyà bàbà tún máa ń wúwo lọ́wọ́ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti ìwọ̀n sí i. Èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa ńbí, ẹ wá àmì MANCAP ti àjọ SON. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má fá a, ẹ kú u ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa lọ.

BÍRÉKÀ ÀTI SÚWÍÌṢÌ

Bírékà ló ń ṣọ́ wáyà. Fún wáyà 2.5 tó gbé hítà wáàtì 2,000, bírékà áńpù 16 ti tó. Tó bá ń já ṣáá, ó ń sọ nǹkan fún wa ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi áńpù 32 rọ́pò rẹ̀ torí kó má baà já mọ́. Wáyà ló máa jó dípò rẹ̀.

Hítà ò fẹ́ púlọ́ọ̀gì tá à ń fà yọ. Súwíìṣì tó dá wà lára ògiri, áńpù 20, tó ń pa wáyà méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní iná pupa kékeré tá a fi ń mọ̀ pé ó wà ní títàn, ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lò. Kí wọ́n gbé e jìnnà sí síńkì, níbi tí omi ò lè ta sí, tí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tutù ò sì lè nawọ́ kàn án.

ÁÀTÌ: ÈYÍ LÓ Ń GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Ẹ rántí ọmọ tó ní omi ń gbọ̀n òun lọ́wọ́. Kò sí ọ̀lẹ kankan lára rẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́ èdè. Iná ló ń jò sára hítà, tí ó sì ń bá omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí kò sí ọ̀nà míì tó lè gbà lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn lórí sìmẹ́ńtì tútù ni iná fẹ́ gbà kọjá.

Wáyà ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní áàtì, ló ń fún iná tó bá jò lọ́nà. Irin gígùn tí wọ́n fi bàbà bò ni wọ́n máa ń kàn mọ́lẹ̀, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á fà á dé ara hítà. Ilẹ̀ wa tó sún mọ́ ọ̀sà tutù, èyí sì ń ran áàtì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò ní rárá. Ihò kẹta wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n so áàtì mọ́ páìpù omi. Rọ́bà ni páìpù ìsinsìnyí, kò lè gbé iná lọ síbì kankan.

Ẹ tún ní kí wọ́n fi bírékà tí wọ́n ń pè ní RCCB, mílíáńpù 30, sí i. Tí iná bá ti ń jò lọ sára ènìyàn, á já kíá kó tó pa á. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tí kò bá já, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ti àwọ̀ wáyà ńkọ́? Láyé àtijọ́, pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń gbé e padà, àwọ̀ ewé sì ni áàtì. Nínú ọ̀pọ̀ wáyà tuntun, búráùn ló ń gbé iná wá, búlúù ló ń gbé e padà, àwọ̀ ewé tó ní ìlà òféèfèé lára ni áàtì. Méjèèjì ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, nígbà míì lára ògiri kan náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ojú lásán so ó.

OMI KÓ TÓ DI INÁ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tan hítà tí omi ò sí nínú rẹ̀. Ẹ ṣí táàpù gbígbóná, ẹ jẹ́ kí omi kún táǹkì, kó máa ṣàn jáde láìfẹ́ atẹ́gùn mọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ súwíìṣì. Irin inú rẹ̀ tó bá gbóná nínú òfìfo á jó lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá tán nínú táǹkì òkè, ẹ pa hítà.

Omi tó bá gbóná máa ń wú. Torí náà ni fáàfù kékeré kan fi máa ń bá hítà wá, tí omi máa ń kán tó-tó-tó lẹ́nu rẹ̀. Kò bàjẹ́. Ẹ má dí i, ẹ má yọ ọ́. Táǹkì tí kò bá rí ibi mí lè bẹ́.

Ẹ má gbé ìwọ̀n rẹ̀ kọjá 60. Omi ìwọ̀n 60 lè bó ènìyàn lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ara ọmọdé ò sì tó ìyẹn. Ẹ máa fi omi tútù là á. Omi kànga etí ọ̀sà tó níyọ̀ tún máa ń jẹ irin inú táǹkì. Ẹni tó ń lo irú omi bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ inú rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI OWÓ INÁ

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé hítà. Ẹ má dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n so hítà mọ́ iná NÉPÀ nìkan. Mo mọ̀ pé orúkọ ti yí padà, pé ó di PHCN ní 2005, pé láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ló ti wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n NÉPÀ náà lẹnu wa mọ̀.

Tí iná bá rẹlẹ̀, tí gílóòbù ń ṣe bí àtùpà, hítà ò ní bàjẹ́, á kàn pẹ́ kó tó gbóná ni. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀ fún fíríjì.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Kí lítà 10 tó kúrò ní ìwọ̀n 28 dé 60, hítà wáàtì 1,500 á lo bí ìṣẹ́jú 15, á sì jẹ ó dín díẹ̀ ní ìdá méjì nínú márùn-ún yúníìtì kan. Nígbà tí àjọ NERC gbé iye Band A sí 225 náírà fún yúníìtì lóṣù Kẹrin ọdún 2024, ìyẹn jẹ́ bí 84 náírà. Iye yẹn ti ń yí padà látìgbà náà, ẹ fi ti orí mítà yín ṣírò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ á jẹ́ bí 840. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gáàsì yín, kẹ́ ẹ mọ èyí tó sàn. Tẹ́ ẹ bá fọ abọ́ tán, ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, ẹ pa á láti ìdí bírékà.

TA LÓ MÁA ṢE É?

Ẹ má fún ẹni tó ń tún fáànù ṣe. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, máa ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ ní kó fi tiẹ̀ hàn yín. Kó tó gba owó tó kù, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Wáyà ìwọ̀n wo lo fà, ṣé hítà nìkan ló ń lò ó?
2. Bírékà áńpù mélòó lo fi sí i?
3. Níbo lo kan irin áàtì mọ́, ṣé o ti wọ̀n ọ́n?
4. Ṣé RCCB já nígbà tó o tẹ̀ ẹ́?
5. Fáàfù dà? Ibo ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ?

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á dáhùn. Ẹni tó bá ní "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀," ẹ má fọkàn balẹ̀.

Tí iná bá sì dé, ká má rí i o, ẹ pa bírékà, ẹ má da omi sí i, ẹ pe 767 tàbí 112. Tí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná ná, tàbí kẹ́ ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò.

Hítà mi ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, èyí tí mo rà lówó pọ́ọ́kú yẹn náà ni. Wáyà àti áàtì tó gbówó lé e lórí ju owó tí mo fi rà á lọ. Ọmọ yẹn ṣì ń fọ abọ́ fún mi, mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́rọ̀ sí àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lẹ́nu. Ọwọ́ wọn ló ń kọ́kọ́ kan ewu.

Iná ò ní jó wa, omi ò ní gbé wa lọ. Ọjà á tà o.